Das Boot: Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ń Ríran

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ti wo Das Boot, ìyìn ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ o. Wolfgang Petersen gbé e jáde ní Jámánì lọ́dún 1981, láti inú ìwé tí Lothar-Günther Buchheim kọ. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba ìkankan. Èmi náà yìn ín, àmọ́ mo lẹ́jọ́ díẹ̀ láti rò.

Ìtàn ọkọ̀ abẹ́ omi kan ni, lọ́dún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Inú ọkọ̀ yẹn há bí ihò eku. Bí ọkọ̀ ọ̀tá bá ń wá wọn kiri lókè, gbogbo wọn á dákẹ́ lọ́lọ́, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa retí bọ́ǹbù. Èmi tí mo jókòó jẹ́ẹ́ sílé, mi ò lè mí dáadáa! Nígbà tí ọkọ̀ wá rì dé ìsàlẹ̀ òkun nítòsí Gibraltar, àdúrà ni mò ń gbà fún wọn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ta ni mò ń gbàdúrà fún? Àwọn tó jáde láti lọ rì ọkọ̀ ẹlòmíì mà ni! Fíìmù náà sọ fún wa níbẹ̀rẹ̀ pé nínú 40,000 ọmọ ogun abẹ́ omi Jámánì, 30,000 ni ò padà wálé. Ó ṣeni láàánú. Àwọn tí wọ́n rì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kà wọ́n fún wa.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la rí wọn. Ọkọ̀ epo tí wọ́n yìn ń jó lójú omi, àwọn èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n bẹ́ sómi, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, wọ́n ń ké. Ọ̀gá ọkọ̀, ìyẹn Jürgen Prochnow, ní kí wọ́n fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. Lójú tèmi, ìran yìí ni òpó tó gbé fíìmù náà ró, torí ibẹ̀ la ti rí ohun tí iṣẹ́ wọn jẹ́. Àmọ́ kò pẹ́ tá a fi kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń kú ò lórúkọ, a ò sì dárúkọ wọn mọ́.

Àwọn kan á ní inú ọkọ̀ ni kámẹ́rà wà, kí ló fẹ́ rí níta? Mo gbà. Ṣùgbọ́n ó jáde lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó sì ríran.

Ẹ wò ó o, fíìmù gidi ni. Kẹ́ ẹ sì sunkún bó bá wù yín. Tẹ́ ẹ bá ṣáà ti débi ọkọ̀ tó ń jó, ẹ má gbójú kúrò lára àwọn tó wà nínú omi.