Ta Ló Ń Bi Akéwì Léèrè? Lámèyítọ́ Ohùn Òǹkọ̀wé Tí A Gbà Sílẹ̀

Níbi àpérò kan tí àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹlẹgbẹ́ mi kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde sọ̀rọ̀. Ó ní ṣáájú 2013 tí àjọ̀dún ìwé Aké bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kò sí àṣà kí òǹkọ̀wé fi ohùn ara rẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo èèyàn nílẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá ti gba àtẹ́wọ́, kì í pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi máa kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní wádìí rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, bí a bá sì dákẹ́, tara ẹni ni yóò bá ni dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1922. Ọdún náà ni Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì fi ohùn ara rẹ̀ kọ orin ẹ̀mí lédè Yorùbá, tó lé ní ogójì, sínú àwo Zonophone. Lẹ́yìn rẹ̀ ni rédíò gbilẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì dé Ìbàdàn ní 1959, ilé-iṣẹ́ tí akéwì Adébáyọ̀ Fálétí ti ṣiṣẹ́. Láńrewájú Adépọ̀jù tẹ Ìrònú Akéwì jáde ní 1972, Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, tí wọ́n ń pè ní Odídẹrẹ́ Ayékòótọ́, tẹ Àròyé Akéwì jáde ní 1973, àwọn méjèèjì sì fi ewì kún inú àwo àti kásẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ Yorùbá fi mọ ohùn wọn ju ojú wọn lọ. Ìran méjì ló ti gbọ́ ohùn wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó ta àsíá Aké.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọn yóò ní inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni akéwì wà, kò sí èrò níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fara balẹ̀ gbọ́ àwo ewì rí. Àwọn elégbè wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbe orin lẹ́yìn akéwì, ipò èrò ni wọ́n sì dì mú. Èrò gan-an wà lójúde ilé, níbi tí rédíò kan ṣoṣo ti ń sọ̀rọ̀ fún odindi agboolé, àti lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù alárẹ́kọ́ọ̀dù tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta. Àwo pàápàá ń darí akéwì. Ojú kan àwo ńlá kì í gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀ lọ. Akéwì tó gbọ́ ṣẹ́ mọ ibi tí olùgbọ́ yóò ti dìde yí i padà, á sì gbé ọ̀rọ̀ tó gbóná jù sí ẹnu ibẹ̀, kí ẹni náà má baà gbàgbé láti padà wá jókòó. Ìlànà ewì ni èyí. Kò sí ohun tó jọ ọ́ lójú ìwé, àwọn tó sì ń fi ojú ìwé nìkan díwọ̀n Adépọ̀jù ń wá ẹja lórí igi.

Èyí ló gbé mi dé orí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohùn òǹkọ̀wé tí a gbà sílẹ̀ níwájú èèyàn kì í ṣe ẹ̀rí lásán tí a ń fi ti ìwé lẹ́yìn. Ẹ̀yà iṣẹ́ ọnà kan ni, ohùn mẹ́ta ló sì gbé e ró: ohùn òǹkọ̀wé, ohùn èrò, àti ohùn atọ́kùn tó ń bèèrè ọ̀rọ̀. Àwọn onílámèyítọ́ wa ń gbọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n ń fojú fo èkejì, wọ́n sì ń gé ẹ̀kẹta dànù. Ìlànà ìwádìí mi kò ta kókó: mo gbọ́ ohùn, mo fi wé ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde, mo sì ṣàkíyèsí ohun tó sọnù láàrin méjèèjì.

Ẹ wo Èkó ní 1963. Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkàn ni wọ́n ti fi fíìmù ya ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú Chinua Achebe. Lewis Nkosi, akọ̀ròyìn ọmọ South Africa tó ti di ẹni tí kò lè padà sílé, ló ṣe atọ́kùn, Wọlé Ṣóyínká sì bá a bèèrè ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà jẹ mọ́ Transcription Centre tí Dennis Duerden dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ilé-iṣẹ́ tó gba ohùn àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà sílẹ̀ fún àwọn rédíò. Ní 1972, Duerden àti Cosmo Pieterse kó lára àwọn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà jọ sínú ìwé African Writers Talking, ìwé yìí sì ni gbogbo wa ń tọ́ka sí.

Ẹ wo ọjọ́ orí wọn. Wọ́n bí Achebe ní 1930, Ṣóyínká ní 1934, Nkosi ní 1936. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, kò sí ẹni tó pé ọmọ ogójì ọdún nínú wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Nítorí náà, ìbéèrè wọn lọ tààrà. Nkosi lè ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ta ayò, kí Achebe gbé e, kí Ṣóyínká sì ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹni tó ń bèèrè pàápàá jẹ́ òǹkọ̀wé, ó sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹlẹ́sẹ̀. Bó bá bèèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìwé ìtàn, ìbéèrè tirẹ̀ náà ni. Ìdí nìyẹn tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn fi wà láàyè títí dòní. Síbẹ̀, àpilẹ̀kọ lórí Achebe pọ̀ bí eṣú, àwọn tó sì ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ láti ibẹ̀ kì í dárúkọ ẹni tó bi í. Wọ́n ń jẹ èso, wọn kò bèèrè ẹni tó gbọn igi.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé e wò lọ́dọ̀ Fálétí, ẹni tó dolóògbé ní oṣù Keje ọdún 2017. Níbí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́, nítorí pé wọn kò tíì fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí kọ odindi ìwé lórí àwọn ewì rẹ̀ ní 1982, iṣẹ́ ribiribi ni, mi ò sì bá a wíjọ́. Àwọn tó tẹ̀lé e ni mo ń bá wí, àwọn tó rò pé ohun tí Ọlátúnjí ṣe lójú ìwé ti parí gbogbo rẹ̀. Ohùn Fálétí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mọ̀ kò sí nínú ìwé ewì kankan. Inú Ṣaworoidẹ ló wà, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, níbi tí Fálétí ti ṣe Ọ̀pálábá.

Wọn yóò tún ní fíìmù kọ́ ni kíkà ewì. Mo gbà pé Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí Ọ̀pálábá ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìlú Jogbo. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa ìparí gbólóhùn gùn títí tí àwọn ará ààfin yóò fi rò pé ó ti tán, kó tó sọ gbólóhùn tó gún ọba bí abẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ti ọ̀rọ̀ bọ́ sí orin láì mí. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí, tó wá padà sí ewì Fálétí, yóò rí ìdí tí àwọn ìlà rẹ̀ fi gùn tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó mọ ibi tó ti ń dánu dúró ló kọ ọ́. Akéwì kan ń fi ohùn rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ akéwì mìíràn. Kò sí ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń ka ewì Yorùbá sókè tó tún dáa ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí Fálétí di arúgbó tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ọnà mìíràn ló yọjú. Irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ń fi Yorùbá ṣe fún àgbà kò jọ ti Èkó 1963 rárá. Atọ́kùn kì í bọ́ sórí ìbéèrè. Á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, á kí bàbá, á ki oríkì rẹ̀, orí àgbà á sì wú. Ìbéèrè tó le kò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde bí tirẹ̀. Á ní, “Bàbá, àwọn kan ń sọ níta pé…”, tàbí “Bàbá, àwọn ọmọ yín ń bèèrè pé…” Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bàbá mọ̀, ó sì mọ̀ pé atọ́kùn mọ̀ pé òun mọ̀. Á wá fi ìtàn dáhùn, nítorí pé ìtàn ni èsì tí kò ní dójú ti ẹnikẹ́ni. Láàrin ìtàn náà ni atọ́kùn yóò máa dá sí i: “Hẹ̀n.” “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” “Ẹ mà ṣeun, sà.” Bí “hẹ̀n” yẹn bá yára jù, ìtàn á kúrú. Bí kò bá wá rárá, àgbà á rò pé ọmọ ti sùn, á sì pa ẹnu dé. Ègbè ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwo Adépọ̀jù.

Nígbà tí wọ́n bá wá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìwé àtìgbàdégbà, gbogbo “hẹ̀n” ni wọ́n ń fà yọ. Wọ́n ń yọ ìkíni, wọ́n ń yọ oríkì, wọ́n ń sọ “àwọn kan ń sọ níta” di ìbéèrè tààrà. Ohun tó kù á wá dà bí ẹ̀jọ́ tí bàbá ń rò níwájú adájọ́. Lẹ́yìn náà ni onílámèyítọ́ kan yóò kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ àgbà náà kò lójútùú, pé ó ń fi ìtàn sá fún ìbéèrè. Ẹni tó gé ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ bú u pé ó ń tiro.

Nítorí náà, bí mo bá tún gbọ́ pé Aké ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ìbéèrè mi ni pé: nínú ìlà méjèèjì yìí, ti Èkó 1963 àti ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àgbà lédè Yorùbá, èwo ni Aké jogún? Ọmọ Rẹ́mọ ni Lọlá Ṣónẹ́yìn tó dá a sílẹ̀. Ọba Ìpẹru ni bàbá tó bí ìyá rẹ̀, Ìpẹru sì múlé ti Ògèrè níbi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Láti Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta títí wọ́n fi kó o lọ sí Èkó ní 2018, títí kan 2020 tí àrùn Kòrónà sọ ọ́ di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kó àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà jọ, ó sì jẹ́ ká rí ohùn wọn gbọ́ lẹ́yìn àjọ̀dún. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó 1963 ni Aké. Òǹkọ̀wé méjì àti atọ́kùn kan lórí àga, ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló gba iwájú, ìbéèrè ń lọ tààrà. Ìwé tí Ṣónẹ́yìn fúnra rẹ̀ kọ ní 2010 nípa ilé olórogún ní Ìbàdàn, níbi tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, kún fún irú ọ̀rọ̀ tí kì í lọ tààrà tí Fálétí mọ̀ ọ́n sọ. Ìlà kejì yẹn ni mo fẹ́ kí ètò Aké náà jogún.

Ẹni tó so ìlà méjèèjì pọ̀ lójú mi ni Kọ́lá Túbọ̀sún, ọmọ Ọládàpọ̀ Odídẹrẹ́ Ayékòótọ́ fúnra rẹ̀. Ní 2024 tí Ṣóyínká pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, Túbọ̀sún gbé fíìmù Ebrohimie Road jáde, Túndé Kèlání yìí kan náà ló sì ṣiṣẹ́ kámẹ́rà. Ilé tí Ṣóyínká ń gbé ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ìjọba mú un ní 1967 ni fíìmù náà dá lé. Kò lọ bi àgbà ní ìtumọ̀ ìwé rẹ̀. Ilé ló bi í. Bí o bá bi àgbà ní ìtumọ̀, á gbèjà ara rẹ̀. Bí o bá bi í ní ilé, á mú ọ wọ inú ilé náà. Ọmọ akéwì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ibùdókọ̀ tírélà tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní Ògèrè níbí, àwọn ọmọ tó ń kiri mẹ́mọ́rì káàdì ń ta ewì fún awakọ̀. Mo ra ọ̀kan. Orin, wáàsí àti ewì ló dà papọ̀ sínú rẹ̀, nọ́ńbà lásán ló sì wà níwájú ohùn kọ̀ọ̀kan. Mo dá ohùn Adépọ̀jù mọ̀ nítorí pé ọjọ́ orí mi gbà á. Ọmọ tó tà á fún mi kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé kò sàn jù ú lọ. Òun sọ orúkọ akéwì nù, àwa ń sọ orúkọ atọ́kùn nù, ìwé la sì fi ń ṣe é.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fa ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé yọ láti inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó dárúkọ ẹni tó bèèrè, kó kọ ìbéèrè náà bó ṣe jáde, kó sọ èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ àti ọdún rẹ̀. Kí àwọn tó ń kọ ohùn sílẹ̀ fi “hẹ̀n” sí àyè rẹ̀. Kí ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ṣágámù, ní Ìsarà, kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi fóònù rán wọn sí akéwì àdúgbò, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó fọ ẹ̀ka-èdè Rẹ́mọ bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Àpilẹ̀kọ tí kò bá ṣe èyí, bó ti wù kó gùn tó, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbé wá, èmi kò sì ní fi ọwọ́ sí i fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan mọ́.