Ìṣòro Àhunpọ̀ Ìtàn Nínú Eré Sinimá: Ṣaworoidẹ Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìṣòro ńlá tó máa ń dojú kọ òǹkọ̀wé eré sinimá ni bí ìtàn yóò ṣe parí láìjẹ́ pé agbára òjijì kan já lu ìran ìkẹyìn láti wá tú ohun tí òǹkọ̀wé dì tí kò rí tú. Ẹni tó ń ka ìwé ìtàn àròsọ lè ṣí ojú ewé sẹ́yìn láti wo ohun tó rú u lójú. Òǹwòran tó jókòó sínú gbọ̀ngàn sinimá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ohun tí yóò ṣiṣẹ́ ní òpin eré gbọ́dọ̀ ti fara hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ṣaworoidẹ, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí ní 1999, fi ọ̀nà kan hàn láti borí ìṣòro yìí. Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú wà láàrin ọba àti ará ìlú. Ọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́ kí ó tó jọba. Ẹni tó bá dé adé idẹ láìgba gbẹ́rẹ́, bí ìlù ṣaworoidẹ bá dún sí i létí, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité kọ gbẹ́rẹ́ nítorí owó tó fẹ́ kó jọ. Síbẹ̀ ó gorí ìtẹ́.

Ibí ni ìṣòro ti yọjú. Bí Lápité bá kú lójú ẹsẹ̀, eré ti parí. Bí kò bá sì kú láìnídìí, òfin di yẹ̀yẹ́. Ìṣọ̀lá kò yí òfin náà padà. Ṣe ni ó ya ìlù nípá kúrò lọ́dọ̀ adé: Àyàngalú onílù gbé ṣaworoidẹ sá kúrò nílùú. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló di òǹwòran mú: nígbà wo ni ìlù àti adé yóò tún pàdé? Àjọṣe Lápité pẹ̀lú àwọn agégẹdú, ìbínú àwọn ọ̀dọ́, àti adé tó bọ́ lọ́wọ́ ọba, gbogbo wọn ló ń ti ìtàn lọ síbi ìpàdé náà.

Àwọn kan lè ka ikú Lápité sí àbùkù, nítorí kì í ṣe ìlù ló pa á. Àríwísí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀ tó. Lápité fúnra rẹ̀ ló pe Lágàta, ọmọ ogun, láti bá a gba adé padà. Ọmọ ogun náà ló pa á, tó sì gba ìtẹ́ rẹ̀. Ìdí ń fa ìdí. Kò sí kòńgẹ́ níbẹ̀. Lágàta pẹ̀lú kò gba gbẹ́rẹ́. Nígbà tó dé adé, tí ìlù sì dún, òfin tí òǹwòran ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló mú un. Ọdún 1999 yìí kan náà ni ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtumọ̀ ikú náà kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Bí àléébù bá wà, òun ni pé Lágàta kò pẹ́ lójú agbo bí Lápité, nítorí náà ikú rẹ̀ tẹ́ ọgbọ́n lọ́rùn ju bí ó ti wọ ọkàn lọ.

Kò tó, nígbà náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí àhunpọ̀ ìtàn máa to ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó yẹ kí ó bi ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè pé kí ló fà á, kí ni òun náà sì bí. Ibi tí ìdáhùn bá ti wọ́n ni aṣọ ìtàn ti ya.