Ọ̀gá Tó Ń Fetí sí Dísìkì

Láti ọdún 1973 ni Petroleum Training Institute ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ epo ní Effurun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri. Iṣẹ́ dátábéèsì ni òǹkọ̀wé yìí kọ́ ládùúgbò kan náà. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Warri débi pé pijin ló fi ń bú sáfà tó bá ṣagídí. Kó tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, á kọ́kọ́ tẹ etí mọ́ àpótí. Bí dísìkì bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ láìsinmi, á mi orí, á ní: "Wọ́n ti kó ẹrù jọ síbì kan."

Apá dísìkì ló ń gbọ́ yẹn. Dísìkì tó ń yí ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, apá kan ṣoṣo ló sì ń gbé àwọn orí tó ń kà á kiri. Tí dátà bá wà káàkiri, agbára káká ni á fi ka ibi 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín tábìlì sórí dísìkì púpọ̀. Tablespace ni wọ́n ń pe àyè tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún tábìlì lórí dísìkì bẹ́ẹ̀.

Lọ́ọ̀gì ni ọ̀gá ti yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ṣe commit, dátábéèsì Oracle gbọ́dọ̀ kọ àtúnṣe náà sínú redo log kó tó dáhùn pé ó ti parí. Tábìlì fúnra rẹ̀ lè dúró. Títò léra ni wọ́n ń kọ lọ́ọ̀gì, nítorí náà bó bá ní dísìkì tirẹ̀, apá kò níbi tó ń sáré lọ. Ẹ wá fi tábìlì kan tì í. Ó di kẹ̀kẹ́ Maruwa tó gbé èrò méjì, ọ̀kan ń lọ Effurun, èkejì ń lọ Aladja.

Ọ̀gá a máa fi odidi dísìkì sílẹ̀ fún fáìlì lọ́ọ̀gì kékeré, kí ìyókù ṣófo. Akáǹtì á figbe ta. Ní iléeṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù fún àwọn elépo, ẹnìkan rí àyè yẹn, ó sì rọra da àdàkọ fáìlì síbẹ̀. Nígbà tí owó oṣù dé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí wọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ ń tú SQL wò. Ọ̀gá ní kí wọ́n pa fáànù. Dísìkì lọ́ọ̀gì, tó yẹ kó máa dún jẹ́ẹ́, ń ké bí àwọn yòókù. Ó nawọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn tó ń há a sórí pé index síbí, tábìlì sọ́hùn-ún, a máa pa á lẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan a kọ́kọ́ wo index kó tó mọ ibi tí yóò yà sí nínú tábìlì. Wọn kì í sáré pọ̀. Ọ̀gá ní V$FILESTAT ti Oracle ni kí wọ́n ṣí, kí wọ́n wo fáìlì tí kíkà àti kíkọ rẹ̀ pọ̀ jù, kí wọ́n sì má jẹ̀ẹ́ kí irú méjì bẹ́ẹ̀ jọ gbé. Juan Loaiza ti Oracle dábàá pé kí wọ́n fọ́n ohun gbogbo ká gbogbo dísìkì. Ọ̀gá gbà fún tábìlì. Fún lọ́ọ̀gì, kò gbà rárá.

Èyí tó ń bí i nínú jù ni kí ènìyàn gé dísìkì kan sí D àti E, kó ní òun ti pín in. Apá kan náà mà ni! Ọ̀nà tó ń sá ló tún gùn sí i. Òótọ́ ni pé SSD kò ní apá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ra vólúùmù méjì lórí kíláòdù láìwo iye dátà tí sáfà fúnra rẹ̀ lè gbà kọjá.

PostgreSQL náà ti ní tablespace láti ẹ̀dà 8.0, ní 2005. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi SET TABLESPACE kó tábìlì ńlá lọ sórí dísìkì mìíràn, ẹ ṣe é lóru: ẹnikẹ́ni kò ní lè ka tábìlì náà títí àdàkọ rẹ̀ yóò fi parí.