Ògún ní Ìlú Ọmọ Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìrè

Bí a bá bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn Ògún ní Ìrè ń kọ́ni, èsì tí wọn yóò kọ sínú ìwé ìdánwò ni pé ìbínú kò dára, àti pé ẹmu a máa ba ènìyàn jẹ́. Èsì náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó kéré. Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú àti ẹmu nìkan ni ìtàn náà dá lé, kì bá tí nílò ọmọ nínú rẹ̀ rárá. Jagunjagun tí òùngbẹ ń gbẹ lè yà sí ìlúkílùú, kí ó sì ṣe irú ohun tí Ògún ṣe. Ṣùgbọ́n asọ̀tàn kò rán Ògún lọ sí ìlúkílùú. Ìlú tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ti ń jọba ni ó gbé e lọ. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ wá.

Ìtàn náà ní ẹ̀dà púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìtàn àtẹnudẹ́nu. Nínú èyí tí Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo, tí ó sì ń jẹ́ Fátúmbí, kọ sínú ìwé rẹ̀ Orixás ní 1981, Ògún jẹ́ àkọ́bí Odùduwà, jagunjagun tí kì í sinmi. Ó ṣẹ́gun Ìrè, ó pa ọba tí ó bá níbẹ̀, ó sì fi ọmọ tirẹ̀ jọba dípò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò jókòó sórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ oyè náà, Onírè, mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó ní òun yóò padà lọ wo ọmọ òun. Ọjọ́ tí ó wọ̀lú bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn ará Ìrè ń ṣe ètùtù kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn níbẹ̀. Ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kò dáhùn. Ó rí agbè ẹmu, kò mọ̀ pé òfìfo ni wọ́n. Ó rò pé wọ́n ń fojú di òun ni, ó bá fa idà yọ. Ó fọ́ àwọn agbè náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ orí àwọn ènìyàn. Nígbà tí ètùtù parí, ọmọ rẹ̀ jáde, ó gbé oúnjẹ tí baba rẹ̀ fẹ́ràn wá: ajá àti ìgbín, ẹ̀wà tí a fi epo sè, àti ẹmu. Ògún kábàámọ̀ ohun tí ó ṣe. Ó ní òun ti gbé ayé tó, ó dorí idà rẹ̀ kọ ilẹ̀, ó sì wọ inú ilẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ rírì àhunpọ̀ ìtàn yìí ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò. Ìtẹ́ tí ọmọ Ògún jókòó lé kì í ṣe ogún tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ọba mìíràn wà lórí rẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣàkóso sì ni àwọn tí baba rẹ̀ ṣẹ́gun. Nítorí náà, ìpadàbọ̀ Ògún kì í ṣe ti àlejò lásán. Kì í ṣe ogun ni ó gbé e wá ní ọjọ́ náà: ọmọ rẹ̀ ni ó fẹ́ rí, bí gbogbo baba tí ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀ ti máa ń fẹ́ rí ọmọ. Ọkàn rẹ̀ ti kúrò lórí ogun, ṣùgbọ́n ojú jagunjagun ni ó ṣì fi ń wo ayé. Baba tí ó dé ìlú ọmọ rẹ̀ tí kò rí ẹni kí i yóò béèrè pé, “Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi?” Jagunjagun tí ó dé ìlú tí ó ti ṣẹ́gun tí kò rí ẹni kí i yóò sọ pé, “Wọ́n ti ń fojú di mí.” Èrò kejì yìí ni ó kọ́kọ́ wá sí Ògún lọ́kàn.

A kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Láàárín àwa Yorùbá, kí á kí ènìyàn kí ó má dáhùn kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Àgbàlagbà tí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ọgbọ́n asọ̀tàn hàn ní ti pé ó fi ohun méjì tí ó jọra síwájú rẹ̀: agbè tí kò sí ẹmu nínú rẹ̀, àti ènìyàn tí kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lójú Ògún, agbè náà kún. Lójú rẹ̀, ènìyàn náà gbéraga. Idà kan náà ni ó fi dá méjèèjì lóhùn, nítorí pé idà ni èdè tí ó fi bá Ìrè sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé.

Níbo wá ni ọmọ wà ní gbogbo àkókò yìí? Ìtàn náà kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n bí èèwọ̀ bá de gbogbo ìlú, kò lè yọ ọba sílẹ̀. Ọba gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pa á mọ́. Adé tí baba fi agbára gbà fún ọmọ ni ó wá dí ọmọ náà lẹ́nu ní ọjọ́ tí gbólóhùn kan ṣoṣo, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá,” ìbá ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Oore tí Ògún ṣe fún ọmọ rẹ̀ ni ó yí padà di ọ̀fìn. Nínú àwọn ìtàn mìíràn, ọmọ ẹni tí a pa ni ó máa ń dìde láti gbẹ̀san lára ilé apànìyàn. Kò sí irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ẹsẹ̀ Ògún fúnra rẹ̀ ni ewu náà bá wọ ìlú.

Oúnjẹ tí ọmọ gbé jáde yẹ fún àkíyèsí pẹ̀lú. Kò sọ pé, “Bàbá, èéṣe?” A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kankan lẹ́nu rẹ̀. Ajá, ìgbín, ẹ̀wà, epo àti ẹmu: ohun tí àwọn olùbọ Ògún ń gbé síwájú rẹ̀ nìyẹn. Títí di ìgbà náà, baba àti ọmọ ni wọ́n. Láti ìgbà tí àwo oúnjẹ ti kan ilẹ̀, ọ̀kan di olùbọ, èkejì di ẹni tí a ń tù lójú. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí Ògún ti kúrò ní ènìyàn tí ó di òrìṣà kò gbọdọ̀ dúró kí ó tó wọlẹ̀. Ibi oúnjẹ yìí ni kí ó wò. Ó ṣe ni láàánú pé ọmọ tí Ògún tìtorí rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn kò rí i gbà ní baba fún ọjọ́ kan péré.

Bí a bá gbé àwọn iṣẹ́ mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ọ̀rọ̀ náà yóò tún yéni sí i. Nínú Idanre, ewì gígùn tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1967, ojú ogun ni Ògún ti mu ẹmu yó, tí ó sì yí idà padà sí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Agbára ńlá wà nínú ohun tí akéwì náà ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òrìṣà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó di. Ọ̀rọ̀ ọmọ ti kúrò níbẹ̀. Ti Fágúnwà ni ó ń kọni lóminú jù. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn pa obìnrin tirẹ̀ nítorí pé obìnrin náà dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó bá àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láǹgbòdó. Ikú náà kò dá ìrìn-àjò dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń yin Kàkó gẹ́gẹ́ bí akọni gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó rí sí èyí. Ní Ìrè, ìtàn kò lè lọ síwájú mọ́ lẹ́yìn tí idà ti sọ̀kalẹ̀. Ní ti Kàkó, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti ṣí. Ṣàngó inú ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí ó jáde ní 1921, ni ó sún mọ́ Ògún jù: ó ń dán oògùn tí ń fa àrá wò, àrá jó ààfin rẹ̀, àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ ṣègbé níbẹ̀, ìbànújẹ́ sì lé e kúrò lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni ti Ṣàngó. Ọwọ́ Ògún ni ó gbé idà.

Apá tí ó le jù nínú ìtàn náà ni ọ̀rọ̀ ìdágbére. Kí Ògún tó wọlẹ̀, ó fi àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí a lè fi pè é lójú ogun, yóò sì dìde láti ran ẹni tí ó pè é lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é níbi tí ọ̀tá kò sí, ẹni tí ó pè é ni yóò kọlù. Àwọn kan ń ka èyí sí ìhalẹ̀ òrìṣà. Ó tọ́ kí a kà á sí ìjẹ́wọ́. Ògún kábàámọ̀, síbẹ̀ kò ṣèlérí pé òun ti yí padà. Ó mọ̀ pé ìrònúpìwàdà ti dé ọkàn òun, kò tíì dé ọwọ́ òun. Nítorí náà ni ó ṣe gbé ara rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé ọ̀bẹ mímú kúrò níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré, tí ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe mú un jáde lásán. Nínú oríkì rẹ̀ tí ó da omi ìwẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù ni a ń gbọ́. Nínú ìkìlọ̀ yìí, a gbọ́ ìfẹ́ pẹ̀lú.

Ìtàn náà ní àléébù kan, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Kò sọ ẹni tí ó sin àwọn òkú Ìrè. Kò sọ ojú tí ọba fi wo àwọn opó ìlú rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ògún wọlẹ̀, ó sinmi. Ọmọ ni ó kù lókè eèpẹ̀ pẹ̀lú ìlú tí ó ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá sọ pé wíwọlẹ̀ náà jẹ́ ọ̀nà àti sá fún ẹjọ́ kò sọ àsọdùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi bóyá akọni ni Ògún tàbí ọ̀daràn kò gbọdọ̀ fo apá yìí. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtàn náà dákẹ́ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìrè ti dákẹ́. Orúkọ oyè ni kò parẹ́. Onírè ni a ṣì ń pe ọba Ìrè-Èkìtì, Ògún Onírè sì ni àwọn oníjàálá ń pe baba, kò sì sí bí a ti lè pe ọ̀kan kí èkejì má gbọ́.