Ẹyin Tó Balẹ̀ Tí Kò Fọ́: Ohùn Yorùbá Nínú Àwo Giramafóònù

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní ọdún 1877, ó dà bí ẹni pé Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, sọ òwe yìí di irọ́. Ó yí tánganran pẹlẹbẹ mọ́ ara irin róbótó kan, ó ka ewì ọmọdé sí ẹnu ẹ̀rọ náà; nígbà tí ó sì tún yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń kọ ìtàn ẹ̀rọ yìí ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀rọ ni ó pa ohùn ènìyàn mọ́. Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá wọ̀dímú níhìn-ín. Lóòótọ́, ẹ̀rọ a máa pa ìró mọ́. Ṣùgbọ́n ní ti èdè wa, níbi tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti yàtọ̀ síra nípa ohùn nìkan, èrò tèmi ni pé olórin ni ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, òun náà ni ó sì lè bà á jẹ́, kí ẹ̀rọ tó débẹ̀ rárá.

Kì í ṣe Edison ni ó kọ́kọ́ kọ ohùn sílẹ̀. Ní ọdún 1857, ọmọ Faransé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé títẹ̀, Édouard-Léon Scott de Martinville, ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tí ó pè ní phonautograph. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà, irun líle kan a máa fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ sórí bébà tí a ti fi èéfín àtùpà kùn dúdú. Scott kò wá ẹ̀rọ tí yóò fọhùn padà. Ohun tí ó ń wá ni pé kí ohùn kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú lè kà á. Ó kú ní ọdún 1879 láìsí ẹni tí ó kà á, a sì tọ́jú àwọn bébà rẹ̀ sí Paris. Ní ọdún 2008 ni àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà sọ ìlà tí ó fà ní oṣù kẹrin ọdún 1860 di ìró, orin Faransé kan sì jáde. Wọ́n ní ó jọ ohùn ọmọdébìnrin. Nígbà tí ó di ọdún 2009, àwọn náà rí àṣìṣe wọn: wọ́n ti ka iye ìgbà tí irin ìdíwọ̀n àkókò Scott ń gbọ̀n sí ìlọ́po méjì, orin náà sì ti sáré ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n dín eré rẹ̀ kù, ohùn ọkùnrin ni, ó sì jọ pé Scott fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Eré ẹ̀rọ sọ géńdé ọkùnrin di ọmọdébìnrin. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni Scott kọ ńkọ́, ṣé ọkọ yóò ti torí bẹ́ẹ̀ di ọkọ̀? Rárá o. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n tí a gbẹ́ sára òkúta. Ohùn òkè bàbá àgbà lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ ara wọn yé. Àlàfo tí ó wà láàárín ohùn kan àti èkejì rẹ̀ ni etí wa ń gbọ́. Bí àwo bá yára ju bí ó ti yẹ lọ, gbogbo ohùn a jùmọ̀ gòkè bí èrò inú ọkọ̀ kan náà tí ń gun òkè: ẹni iwájú kò kúrò níwájú, ẹni ẹ̀yìn kò kúrò lẹ́yìn. Obìnrin tí ń béèrè ọkọ rẹ̀ nínú àwo kò lè torí eré ẹ̀rọ di ẹni tí ń béèrè ọkọ̀.

N kò sọ pé ẹ̀rọ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Kí àwọn iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gba ohùn sílẹ̀ ní ọdún 1925, inú ìwo ńlá kan ni olórin ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni ó sì ń ti abẹ́rẹ́ tí ń fa ìlà sára ìda. Ìwo náà kì í gbọ́ ìró tí ó bá rẹlẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ìlù kì í hàn bí ó ti yẹ. Àwo pẹlẹbẹ tí Emile Berliner hùmọ̀ ní ọdún 1887, tí ó wá borí ti Edison lọ́jà, tún mú àlébù mìíràn wá. Ojú kan àwo oníínǹṣì 10 tí ń yí nǹkan bí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Oníjàálá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè má tíì parí ìbà ní ìṣẹ́jú 3! Orin inú àwo àtijọ́, orin tí a gé mọ́ ìwọ̀n ojú àwo ni. Síbẹ̀ gígùn ni ẹ̀rọ gé, ìlù ni ó pa lẹ́nu. Kò fọwọ́ kan ohùn ọ̀rọ̀.

Ta wá ni ó lè fọwọ́ kàn án? Ẹni tí ó fún ọ̀rọ̀ náà ní orin ni. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, wọn kò yí ohùn orin padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, orin a máa gùn ún lọ sókè. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù fún ọdún pípẹ́ ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, gbé ọ̀rọ̀ orin Yorùbá àti ohùn èdè wa yẹ̀ wò nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1953. Bí a bá gba irú orin ìsìn bẹ́ẹ̀ sínú àwo, ẹ̀rọ yóò pa àṣìṣe náà mọ́ tọkàntọkàn.

Ìdí nìyí tí mo fi ka iṣẹ́ Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti sí iṣẹ́ ńlá. A bí i ní ọdún 1855, ó kú ní ọdún 1930. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún 60, ó kọ ọ̀pọ̀ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo Zonophone ní London. Ohun tí a sábà ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ ṣe àwo, àti pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Fela. Òtítọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtàn ìdílé àti ti ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe lámèyítọ́. Ohun tí ó yẹ kí a yìn ni pé kí ó tó fojú kan ìwo tàbí abẹ́rẹ́ kankan, ó ti ń fi ohùn orin ilẹ̀ wa gbé ọ̀rọ̀ ìsìn kalẹ̀, ohùn tí ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí òjìji ti ń tẹ̀lé ènìyàn. Ilé ni ó ti yanjú ìṣòro náà kí ó tó gòkè òkun. Mo ní àwíjàre kan sí àwọn àwo náà: dùùrù òyìnbó tí ń bá a lọ lẹ́yìn kò lè yọ́ láti orí ìró kan bọ́ sórí èkejì bí gángan ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohùn àlùfáà kò tìtorí rẹ̀ ṣìnà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí kò bá sí ẹ̀rọ, ṣé ìwọ ìbá gbọ́ ọ? N kì bá gbọ́ ọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé agbè gbé omi délé kí a gbàgbé odò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Bahia ní Brazil. Ó gba ọ̀rọ̀ àti orin lẹ́nu àwọn Nàgó, lára wọn Martiniano do Bonfim tí ó ti gbé Èkó rí. Àwọn àwo Turner wà ní Yunifásítì Indiana. Bí bébà nìkan ni a bá ní, tí a fi lẹ́tà Potogí kọ láìsí àmì ohùn, a ó kàn máa méfò ni. Àwo lè là wá lójú. Ṣùgbọ́n ó tún lè ṣì wá lọ́nà, nítorí a kò gbọdọ̀ gbà láìwádìí pé ohùn orin wọn ṣì ń bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn, lẹ́yìn tí Potogí ti di èdè ilé. Ó di dandan kí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wé orin wọn kí a tó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń wádìí àwo àtijọ́ má ṣe dúró lórí orúkọ iléeṣẹ́ àti ọdún. Kí ó bi àwo ní ìbéèrè mẹ́ta: eré wo ni a fi gbà ọ́ sílẹ̀? Kí ni a gé kúrò kí o tó gba ìyókù? Ṣé orin rẹ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ, àbí ó ń bá a jà? Ìbéèrè kẹta ni àwa tí a gbọ́ Yorùbá ní láti dáhùn. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá wa dáhùn rẹ̀. Edison kò sọ òwe wa di irọ́. Ẹyin ṣì lọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ a máa gbà á kí ó má balẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sán lọ́wọ́ ẹni tí ó jù ú, bí ó ti sán náà ni yóò gbé e fún wa.