Rédíò Ọkọ̀: Etí Ni Kí Ó Yàn Án

Ẹni tó bá fẹ́ ra rédíò ọkọ̀ ní Adó-Èkìtì, ohun méjì ló sábà máa ń bèèrè: báwo ni ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, wáàtì mélòó sì ni? Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. "50W x 4" tí wọ́n kọ sí ara páálí kì í ṣe agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé fún ìgbà pípẹ́. Bátìrì ọkọ̀ ló ń fún un lágbára, ohun tó sì ń dé ọ̀dọ̀ sípíkà kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju nǹkan bíi wáàtì 22 lọ. Lórí èyí, ọ̀pọ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìtò ohùn. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, apá òsì ni awakọ̀ wa ń jókòó. Sípíkà ilẹ̀kùn òsì wà nítòsí orúnkún rẹ̀. Ti ọ̀tún jìnnà sí i. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 ni ìró ń rìn nínú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí sípíkà ọ̀tún bá fi sẹ̀ǹtímítà 68 jìnnà ju ti òsì lọ, ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ni ohùn rẹ̀ yóò fi pẹ́. Ó kéré, àmọ́ etí mọ̀ ọ́n: gbogbo orin á wọ́ lọ sí apá òsì. Rédíò tó ní time alignment á dá sípíkà tó wà nítòsí dúró díẹ̀, kí ìró méjèèjì lè jọ dé etí awakọ̀.

Ẹ wo rédíò DEH-80PRS tí Pioneer gbé jáde ní 2012. Kò ní ojú ńlá kankan. Síbẹ̀, ìpele 16 ni equalizer rẹ̀ ní, òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀. Ó lè pín ohùn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó sì lè fi máíkì gbọ́ inú ọkọ̀, kó tún ohùn ara rẹ̀ tò. Àwọn tó ṣe é gbé owó síbi tó yẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ètò inú rẹ̀ pọ̀, ẹni tí kò ní sùúrù ò ní jàǹfààní ìdajì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rédíò Android olójú fífẹ̀ ti ń kọ DSP, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń to ohùn, sára báyìí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ṣí i hàn yín kí ẹ tó sanwó.

Orin tiwa ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ gbé Elémure Ògúnyẹmí sí i, tó ń fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọrin. Bí béèsì bá bo ìlù àti ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ ò lè dá ohùn òkè mọ̀ yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, ẹ dín béèsì kù. Bí ohùn ò bá tíì mọ́ lẹ́yìn èyí, ẹ fi rédíò náà sílẹ̀ fún wọn.

Ẹni tó bá ra rédíò tòkúnbọ̀ láti Japan tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Láàárín 76 sí 90 ni ọ̀pọ̀ rédíò FM wọn àtijọ́ mọ, 91.5 ti Radio Ekiti àti 100.5 ti Progress FM ò ní wọlé lórí rẹ̀.

Ó ku réwáyà, ẹni tó máa so rédíò náà mọ́ ọkọ̀. Títo ohùn gba àkókò ju síso wáyà lọ: ó ní láti jókòó sídìí ọkọ̀, kó fi téèpù wọn ibi tí sípíkà kọ̀ọ̀kan wà sí orí awakọ̀, kó sì máa gbọ́, kó máa yí i. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ bá a dúnàádúrà owó rẹ̀ lọ́tọ̀ kó tó tú dáṣíbọ́ọ̀dù.