Dantala Kò Wàásù: Ìwé Kan fún Ọ̀dọ́ Kaduna

Ìlú Kaduna ni wọ́n ti bí Elnathan John ní 1982, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ìtàn kúkúrú rẹ̀, Bayan Layi, wà lára márùn-ún tó dé ìpele àṣekágbá ẹ̀bùn ìwé kíkọ Caine ní 2013. Inú ìtàn yẹn ni Born on a Tuesday, ìwé àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 2015, ti hù. Àgbà ló sábà ń ka ìwé náà, àgbà ló sì ń jiyàn lé e lórí. Èrò tèmi ni pé ọ̀dọ́ tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló yẹ kí a nà án sí, pàápàá ní Kaduna. Ẹ̀kọ́ ìwà tí a máa ń wá nínú ìwé ọmọdé kò sí níbẹ̀ ní títò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀rí ni òǹkọ̀wé kó sílẹ̀, ó wá fi ìdájọ́ lé ọmọ tó ń kàwé lọ́wọ́.

Dantala ló ń sọ ìtàn náà. Ní èdè Hausa, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ọmọkùnrin tí a bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti parí kéwú rẹ̀, àmọ́ kò tíì padà sílé. Àárín àwọn ọmọ tó ń sùn lábẹ́ igi osè, tí wọ́n ń fa igbó, tí wọ́n ń fi ẹni tí wọ́n ti pa yangàn, ló ń gbé. Nígbà tí ìdìbò dé, olóṣèlú fi owó ran Banda, ọ̀gá wọn, níṣẹ́. Wọ́n lọ dáná sun ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kejì. Ọkùnrin kan ń sá jáde nínú iná, Dantala sì fi àdá ṣá a. Ẹ wo bí òǹkọ̀wé ṣe gbé e kalẹ̀: ohùn tí ọmọ náà fi ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ ló fi sọ ti àdá. Kò sunkún, kò wá àwáwí, àgbà kankan kò sì yọjú láti sọ pé ó burú. Òǹkàwé ni jìnnìjìnnì mú. Òwe wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọ́n kọ́ Dantala; ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò bọ́ ọ, àyè yẹn sì ni olóṣèlú bá wọlé.

Ẹni tó bá ní irú ìtàn báyìí kì í ṣe tiwa, kó rántí bí ìwé àròsọ Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Akéde Èkó, bí ẹni pé lẹ́tà aṣẹ́wó kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ṣẹ̀gilọlá kì í yé kábàámọ̀, kì í sì í yé kìlọ̀ fún ọmọge. Ìkìlọ̀ yẹn fún òǹkàwé níbi tó lè sá sí: ó lè káàánú rẹ̀, kó sì gbà pé òun sàn jù ú lọ. Lọ́dọ̀ Dantala, kò síbi ìsásí.

Àwọn kan yóò ní igbó, ẹ̀jẹ̀ àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara inú ìwé Elnathan John yóò ba ọmọ jẹ́. Mo gbà pé kò yẹ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ ìbọn ló pa Banda, Dantala fúnra rẹ̀ sì jẹ ìyà lọ́wọ́ ológun ní àtìmọ́lé. Ta ni yóò ka ìyẹn tí yóò fẹ́ ṣe bíi tiwọn? Àtakò tó wúwo jù ni pé ìwé náà ba Ìsìláàmù àti Hausa lórúkọ jẹ́. Àmọ́ ní Sokoto, Sheikh Jamal, aṣáájú ẹ̀sìn, ló gba Dantala sílé, tó bọ́ ọ, tó sì dúró gbọn-in lòdì sí ìpànìyàn. Ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Malam Abdul-Nur, ló yapa. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á dé òpin kò ní lè máa pe àwọn Hausa bí ẹni ń pe ènìyàn kan ṣoṣo mọ́. Àléébù tí mo rí ni pé ojú ìfẹ́ Dantala nìkan la fi rí Aisha, ọmọ Sheikh. Kí olùkọ́ fi ìwé Adaobi Tricia Nwaubani tì í, Buried Beneath the Baobab Tree, tó jáde fún ọ̀dọ́ ní 2018. Nínú ìyẹn, ọmọbìnrin tí Boko Haram jí gbé ló ń sọ tẹnu rẹ̀, igi osè kan náà ló sì wà nínú àkọlé.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn ẹ̀sìn 2000 àti 2002 ní Kaduna, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò Kaduna, ọ̀pọ̀ Kristẹni sì kó lọ sí gúúsù. Ọmọ lè dàgbà láì mọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì. Dantala máa ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá bá pàdé sílẹ̀, á sì fi òye tirẹ̀ túmọ̀ wọn. Kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kónílé-ó-gbélé, ọ̀rọ̀ tí rògbòdìyàn 2018 tún mú wọ gbogbo ìlú náà. Ìtumọ̀ tí ọmọ Tudun Wada ní àríwá odò yóò kọ kò ní bá ti ọmọ Sabon Tasha ní gúúsù mu. Kí wọ́n gba ìwé ara wọn kà.